Láti Ojúde Mọ́gàjí dé Iwájú Adájọ́: Ìtàn Ìkọ̀sílẹ̀ ní Ìgbèríko Ìbàdàn

Òwe kan wà tí tọmọdé tàgbà ń pa nílẹ̀ Yorùbá bí ìjà tọkọtaya bá ti le débi pé ọ̀kan nínú wọn fẹ́ gba ọ̀dọ̀ adájọ́ lọ. Wọ́n á ní, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Òwe náà gbajúmọ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé láti ayébáyé ni àwọn baba ńlá wa ti ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò. Kóòtù tí ó jẹ́ òpómúléró òwe náà, ọ̀rọ̀ àyálò ni. Láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá a. Nítorí náà, òwe yìí kò lè dàgbà ju kóòtù àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ ní ilẹ̀ wa. Ẹ̀rí ìtàn ni ó jẹ́. Ó ń sọ fún wa pé ìgbà kan wà tí ibi tí a ti ń parí ìjà jẹ́ ibi tí ènìyàn lè ti bọ̀ kí ó sì tún máa bá ẹni tí ó bá jà jẹun, àti pé lẹ́yìn náà ni ìgbà mìíràn dé.

Ipasẹ̀ ìyípadà yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ tọ̀ lónìí. Ibi tí mo mú bí àpẹẹrẹ ni àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká: Mọ́níyà àti Ìjàyè ní Akínyẹlé, Lálúpọn àti Ìyànà Ọ̀fà ní Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ẹrúnmu, títí dé Àkànràn àti Ajíà ní Ọ̀nà-Àrà. Mo ní ìdí tí mo fi yan ibẹ̀. Ní Ìbàdàn, ilé wà nígboro, oko wà ní abúlé. Ẹni tí a bí sí agbo ilé kan lẹ́bàá Mápó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ nídìí kòkó ní Àkànràn. Àárín méjèèjì ni ìgbéyàwó rẹ̀ wà, àárín méjèèjì náà sì ni ẹjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ń gbé. Kókó tí mo fẹ́ kí ó yé wa kò ju ọ̀kan lọ: nínú gbogbo ìyípadà tí ó dé bá ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀, èyí tí ó dun ará abúlé jù ni pé ó pàdánù agbẹnusọ tí ó ní tẹ́lẹ̀, ó sì pẹ́ kí a tó jẹ́ kí ó ní òmíràn.

Nígbà tí kò sí kóòtù

Gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀, ìgbéyàwó láyé àtijọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ènìyàn méjì péré. Alárenà ni ó ń ṣe ìwádìí, àwọn àgbà ni wọ́n ń tọrọ, ìdílé kan ni ó sì ń fẹ́ ìdílé kejì. Owó orí àti ẹrù ìdáná kì í ṣe owó tí a fi ra ọmọ. Ẹ̀rí ni wọ́n jẹ́ pé ẹbí méjèèjì ti fọwọ́ sí i.

Bí ìyàwó bá wá rí i pé ilé ọkọ kò gba òun mọ́, yóò kó ẹrù rẹ̀, yóò sì padà sí ilé bàbá rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní dálémosú. Ṣùgbọ́n ìpadàbọ̀ yẹn nìkan kò tú ìgbéyàwó ká. Bàbá rẹ̀ yóò bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn ìyá rẹ̀ yóò tún pè é sí kọ̀rọ̀, wọn yóò bi í ní èyí tí kò lè sọ lójú bàbá. Kò ní pẹ́ tí àwọn ará ilé ọkọ yóò fi dé. Ojúde mọ́gàjí ni wọn yóò jókòó sí láti sọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ oko ni, baálẹ̀ abúlé ni yóò gbọ́ ọ. Bí apá wọn kò bá ká a, ó lè dé ọ̀dọ̀ ìjòyè tí wọ́n ń wò lójú nígboro, ó sì lè dé iwájú Baálẹ̀ Ìbàdàn fúnra rẹ̀, nítorí Baálẹ̀ ni olórí ìlú náà ń jẹ́ kí oyè rẹ̀ tó di Olúbàdàn ní 1936.

Ohun kan wà níbi irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ọkọ kì í dá nìkan rojọ́, ìyàwó náà kì í sì í dá nìkan rojọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ìyàwó wà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, alárenà tí ó so wọ́n pọ̀ náà sì lè wà níbẹ̀ láti sọ ohun tí wọ́n jọ ṣàdéhùn. Bí ojú bá ń ti obìnrin láti sọ pé ọkọ òun ń lu òun, tàbí pé kò bá òun sùn mọ́, ẹlòmíràn wà tí yóò bá a sọ ọ́ ní ọ̀nà tí ẹnu àgbà fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Agbẹnusọ kò jìnnà, a kì í sì í san owó fún un.

Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, kọ ọ́ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàrin wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè kà á sí ohun tí kò sí. Kò yẹ kí a ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ilé gbogbo tòrò. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ìtúká tí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí. Ìjà, ìsálọ àti ọdún gbọọrọ nílé bàbá kò ṣọ̀wọ́n. Yàtọ̀ sí èyí, ètò náà dára fún ẹni tí ó ní ẹbí lẹ́yìn nìkan. Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ obìnrin sì wà nínú àwọn agbo ilé rẹ̀ tí a kó lẹ́rú láti ogun. Obìnrin tí a fi ogun mú, ilé bàbá wo ni yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ? Ta ni yóò jókòó tì í lójúde mọ́gàjí? Ìtàn kò gbọ́dọ̀ gbàgbé irú àwọn bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá ń yin ayé àtijọ́.

Kóòtù dé

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1893, Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú George Denton, ẹni tí ó ń dele Gómìnà ní Èkó. Ọ̀gágun R. L. Bower ni ó di aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí ó jókòó sí Ìbàdàn. Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin dé ìlú náà. Nígbà tí ó di 1914, Lugard ṣe Òfin Kóòtù Ìbílẹ̀ tí ó kan gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìjọba kò lé àwọn ìjòyè kúrò nídìí ẹjọ́. Ó sọ wọ́n di adájọ́ lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, ó fi akọ̀wé tì wọ́n láti máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, akódà sì ń mú ìwé ìpè lọ fún ẹni tí a pè lẹ́jọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣàkíyèsí ohun mẹ́ta tí ó yí padà níhìn-ín. Èkíní, obìnrin lè dá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí kóòtù, kí ó san owó ìwé, kí ó sì sọ pé òun kò fẹ́ ọkọ òun mọ́. Kò dìgbà tí bàbá rẹ̀ bá gbà. Ìlẹ̀kùn gidi ni èyí ṣí fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí ẹbí wọn kò fẹ́ gbọ́ tiwọn, a kò sì gbọ́dọ̀ fojú kékeré wò ó. Èkejì, owó orí, tí ó jẹ́ ẹ̀rí ìbátan tẹ́lẹ̀, wá di gbèsè tí a ń ṣírò. Ọkọ yóò ka iye tí ó ná sórí ìdáná, àwọn àgbà kóòtù yóò pinnu iye tí ó tọ́ kí a dá padà, ó sì wọ́pọ̀ pé ọkùnrin tí obìnrin náà ń lọ bá ni yóò san án. Ẹ̀kẹta, ìwé wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ní ìwé ìkọ̀sílẹ̀ lọ́wọ́ ti kọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lójú ìjọba, ìbáà jẹ́ pé ẹbí ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ tàbí wọn kò sọ.

Ìgbà yìí náà ni kòkó ń gbilẹ̀ ní oko Ìbàdàn. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni a ti ń gbìn ín, ó sì fi owó sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí kì bá ti ní owó ìdáná láìdúró de bàbá wọn. Ẹni tí ó ní owó kòkó lè fẹ́ ìyàwó, ó sì lè dá owó orí padà fún ọkọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ṣe iṣẹ́ kòkó? Ọkùnrin ni ó ń ṣán oko, tí ó sì ń ká kòkó. Àwọn obìnrin àti ọmọ ni wọ́n ń kó o jọ, tí wọ́n ń yọ ọ́ nínú pádi rẹ̀, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n sì ń rù ú lọ sí ibi tí a ti ń wọ̀n ọ́n. Obìnrin sì ni ó ń gbin kókò àti ẹ̀gẹ́ sí abẹ́ igi kòkó nígbà tí kò tí ì so, tí ó fi ń bọ́ ilé.

Nígbà tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá dé kóòtù, ohun tí a ń bi í ni pé, "Èló ni ọkọ rẹ ná lé ọ lórí?" Kò sí ẹni tí ó ń béèrè pé, "Ọdún mélòó ni ìwọ ti ṣiṣẹ́ lóko rẹ̀?" Lábẹ́ àṣà wa, ohun tí obìnrin fi òwò ara rẹ̀ kó jọ, tirẹ̀ ni, yóò kó o lọ. Ṣùgbọ́n oko kòkó wà lórí ilẹ̀ ìdílé ọkọ, ibẹ̀ ni yóò sì dúró sí. Ìṣirò apá kan ni ìṣirò kóòtù. Ó ka owó tí ọkọ ná, kò ka òógùn tí ìyàwó là. Nígbà tí àrùn wọ kòkó ní apá ìlà-oòrùn Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1940, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì kọjá lọ dá oko tuntun ní ilẹ̀ Ifẹ̀ àti Oǹdó, àwọn ìyàwó tí ọkọ wọn lọ tí kò bọ̀ mọ́ tún kún iye àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí bá.

Ìlẹ̀kùn tí a tì mọ́ agbẹjọ́rò

Ẹnì kan lè bi mí pé, níbo ni agbẹjọ́rò wà ní gbogbo àsìkò yìí? Agbẹjọ́rò wà. Láti 1879 ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ti di agbẹjọ́rò ní London, ó sì wá ṣiṣẹ́ náà ní Èkó. Ṣùgbọ́n òfin Lugard ti 1914 kò gba agbẹjọ́rò láyè ní kóòtù ìbílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà á láyè ní àwọn kóòtù ìgbèríko tí àwọn òyìnbó aláṣẹ ń jókòó sí. Ìdí tí wọ́n ń sọ ni pé agbẹjọ́rò yóò máa fa ẹjọ́ gùn, yóò máa gba owó lọ́wọ́ aláìmọ̀kan, yóò sì máa dá ìjà sílẹ̀ níbi tí ìjà kò sí. Àwọn agbẹjọ́rò Èkó àti àwọn ìwé ìròyìn wọn bínú sí i, wọ́n sì ta kò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1933, a tún ètò ilé-ẹjọ́ ṣe: agbẹjọ́rò rí àyè ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga tuntun, ṣùgbọ́n òfin kóòtù ìbílẹ̀ tí a ṣe lọ́dún yẹn kan náà tún ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní 1947, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Ìbàdàn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ bá dé ilé-ẹjọ́ ńlá lè gba agbẹjọ́rò bí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ti Lálúpọn wọ ìgboro láti wá kọ ọkọ rẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀, òun nìkan ni yóò dúró. Ojúde mọ́gàjí, níbi tí ìyá àti ẹ̀gbọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀, ti di ohun tí ó fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Kóòtù, níbi tí agbẹjọ́rò ì bá ti bá a sọ̀rọ̀, kò gbà kí agbẹjọ́rò wọlé. Àwọn akọ̀wé tí ń bá ènìyàn kọ lẹ́tà gbowó ni ó kù fún un, àwọn náà kò sì lè bá a dé iwájú adájọ́.

Nígbà tí ìjọba ara ẹni súnmọ́lé, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe Òfin Kóòtù Ìbílẹ̀ tuntun ní 1957. Òfin náà pín àwọn kóòtù sí ìpele mẹ́rin, ó sì sọ gbólóhùn kan tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀: bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìtọ́jú ọmọ, ire ọmọ náà ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rò. Ní 1958, ìjọba kan náà gbé àpẹẹrẹ òfin kan jáde lórí ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìtọ́jú ọmọ, tí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà lò. Ó ka àwọn ìdí tí a lè fi kọ ara ẹni: ìwà ìkà àti àìbìkítà, àgbèrè, wèrè, ẹ̀wọ̀n ọlọ́jọ́ pípẹ́, kíkọ ilé sílẹ̀ fún ọdún méjì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí ìkọ̀sílẹ̀ lábẹ́ àṣà wá wà nínú ìwé. Àmọ́ ìwà tí ó ti mọ́ra kì í tètè kúrò. Títí di òní olónìí, ẹnu ara wọn ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tọkọtaya fi ń rojọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀, ní Mápó àti ní ìgbèríko, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé wọ́n lè kọ́kọ́ lọ gba ìmọ̀ràn kí wọ́n tó gba ìwé.

Ọ̀nà tí a gbà wọlé ni a ń gbà jáde

Nígbà tí a ń sọ ti kóòtù ìbílẹ̀, irú ìgbéyàwó mìíràn ti wọlé. Ní 1884 ni a ṣe òfin ìgbéyàwó ní Èkó, èyí tí ó sọ pé ọkùnrin kan, obìnrin kan ni. Òfin ti 1914 tàn án ká orílẹ̀-èdè. Ìgbéyàwó alárédè ni àwọn ènìyàn wa ń pè é. Bí a bá wá kà á, oríṣi ìgbéyàwó mẹ́ta ni a ní ní ìgbèríko Ìbàdàn: ti ìdáná ní ìlànà ìbílẹ̀, ti yìgì ní ìlànà Mùsùlùmí, àti ti alárédè, ìbáà jẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní àṣẹ.

Títí di 1970, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn adájọ́ wa ń lò láti tú ìgbéyàwó alárédè ká. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1970 ni òfin tiwa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun ni a sì ń lò títí di ìsinsìnyí. Òfin yìí kan ìgbéyàwó alárédè nìkan. Kò kan ti ìdáná tàbí ti yìgì. Ilé-Ẹjọ́ Gíga nìkan ni ó sì gbé agbára rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ní Ìbàdàn, ẹni tí ó ṣe alárédè ní láti wá sí Ring Road. Kóòtù ìbílẹ̀ kò ní agbára kankan lórí ìgbéyàwó rẹ̀.

Ibi tí ewu wà gan-an nìyí. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àpèjúwe. Ká ní tọkọtaya kan ní abúlé kan lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà ṣe ìdáná, wọ́n sì tún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ti ìjọba. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìjà dé. Ọkọ lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ tí ó súnmọ́ wọn, wọ́n tú wọn ká lọ́jọ́ kan, ó sì gba ìwé. Ó fẹ́ ìyàwó mìíràn. Obìnrin náà gbà pé ó ti parí, ó sì lọ sí ilé ọkọ mìíràn. Lójú òfin, tọkọtaya ni àwọn méjèèjì títí di ìgbà tí a ń wí yìí. Ọkọ náà ti ṣe ohun tí òfin ìgbéyàwó lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jẹ ẹni níyà. Bí ó bá kú, ìjà ogún yóò bẹ́ sílẹ̀ láàrin ìyàwó tí ó ní ìwé ìjọba àti ìyàwó tí ó wà nílé. Àwọn ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀. Gbogbo èyí yóò ṣẹlẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́jọ́ àkọ́kọ́: "Irú ìgbéyàwó wo ni ẹ ṣe?"

Iṣẹ́ agbẹjọ́rò

Ìbéèrè yẹn ni agbẹjọ́rò tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bi ẹni tí ó bá wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń lọ kí ó mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó lọ́wọ́, kí ó mú ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, kí ó sì mú ìwé ilẹ̀, ìwé ilé tàbí rìsíìtì ohun tí wọ́n jọ rà. Kí ó kọ ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, nítorí ọjọ́ ṣe pàtàkì lójú òfin. Kí ó sọ gbogbo òótọ́, pàápàá èyí tí ó kan ẹ̀bi tirẹ̀. Agbẹjọ́rò kò gbọ́dọ̀ tú àṣírí ẹni tí ó gbà á, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹnu olùjẹ́jọ́ ni ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní kóòtù, kò ní lè gba ẹni rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Kí wọ́n sì ti fẹnu kò lórí owó iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì gba rìsíìtì. Agbẹjọ́rò kan kò lè ṣojú ọkọ kí ó tún ṣojú ìyàwó nínú ẹjọ́ kan náà.

Ìdí kan ṣoṣo ni òfin 1970 mọ̀: pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ẹnu lásán kò tó láti sọ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan nínú àwọn ohun tí òfin kà sílẹ̀ hàn. Lára wọn ni àgbèrè tí ó mú kí ìgbé ayé pẹ̀lú ẹni náà sú ni, ìwà tí a kò lè retí kí ènìyàn fara dà, kíkọ ilé sílẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán, àti gbígbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì bí ẹnì kejì kò bá ta kò ó, tàbí fún ọdún mẹ́ta bí ó tilẹ̀ ta kò ó. Bí ìgbéyàwó kò bá tí ì pé ọdún méjì, a ní láti kọ́kọ́ gba àyè lọ́dọ̀ ilé-ẹjọ́, àyàfi nínú ọ̀ràn díẹ̀. Bí tọkọtaya bá sì gbìmọ̀ pọ̀ láti pa irọ́ fún adájọ́ kí ẹjọ́ lè tètè parí, ìgbìmọ̀ yẹn lè ba ẹjọ́ náà jẹ́.

Ẹ wo ohun kan tí ó yani lẹ́nu nínú ètò yìí. Kí ìwé ìpẹ̀jọ́ tó lè wọlé, òfin béèrè pé kí agbẹjọ́rò fọwọ́ sí ìwé kan pé òun ti sọ fún ẹni tí ó gba òun nípa ọ̀nà ìlàjà. Adájọ́ náà, bí ó bá rí i pé ìrètí ṣì wà, lè dá ẹjọ́ dúró kí a lè gbìyànjú láti parí ìjà náà, ó sì lè yan ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tí ó ṣe òfin yìí mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnì kan béèrè ohun tí mọ́gàjí máa ń béèrè. Ṣùgbọ́n òfin kò fi agbára mú ẹnikẹ́ni padà sílé. Ẹni tí a ń lù, tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, kò yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ ìlàjà dá a dúró sínú ewu náà.

Lẹ́yìn ìwé ìpẹ̀jọ́, a ó mú un fún olùjẹ́jọ́, òun náà yóò fèsì, ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ yóò sì dé. Ohun tí olùpẹ̀jọ́ bá fẹ́, kí agbẹjọ́rò rẹ̀ béèrè fún un nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀: ta ni yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ, ta ni yóò san owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé, báwo ni a ó ṣe pín ohun ìní. Kóòtù kì í fún ènìyàn ní ohun tí kò béèrè. Níbi tí ìgbéyàwó alárédè wà, adájọ́ ní agbára láti pàṣẹ lórí ohun ìní náà. Ìbéèrè tí kóòtù ìbílẹ̀ kò béèrè lọ́wọ́ obìnrin oko kòkó, àyè wà níhìn-ín láti béèrè rẹ̀, bí ẹ̀rí bá wà.

Bí adájọ́ bá gbà pé kí wọ́n túká, ìdájọ́ ọjọ́ yẹn kò tí ì ṣe é parí. Oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́rìndínlógún bá wà, adájọ́ ní láti kọ́kọ́ mọ ètò tí a ṣe fún un. Láàrin oṣù mẹ́ta yẹn, kò sí èyí tí ó lè fẹ́ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ti orí ìkánjú kó sínú wàhálà níhìn-ín.

Ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ jẹ́ ti ìdáná tàbí ti yìgì, kóòtù ìbílẹ̀ ni ọ̀nà tirẹ̀. Kò burú kí òun náà kọ́kọ́ bi agbẹjọ́rò léèrè nípa owó orí, nípa àwọn ọmọ àti nípa ọ̀nà láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bí ìdájọ́ kò bá tọ́. Ẹni tí kò lówó kò gbọ́dọ̀ rò pé kò sí ọ̀nà. Láti 1964 ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò tí a ń pè ní FIDA ti wà ní Nàìjíríà, wọ́n sì ń ran àwọn obìnrin àti ọmọdé lọ́wọ́ láìgba owó. Ìjọba àpapọ̀ náà ti ṣe òfin ìrànlọ́wọ́ fún aláìní nínú ọ̀ràn ẹjọ́ láti 1976. Ó yẹ kí ènìyàn lọ bi wọ́n bóyá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n lè bá a ṣe.

Ìgúnlẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìtàn tí a gbọ́ yìí kì í ṣe ìtàn bí ayé àtijọ́ ti dára tí ti ìsinsìnyí sì burú. Ojúde mọ́gàjí fún obìnrin ní agbẹnusọ, ṣùgbọ́n kò fún ẹrúbìnrin, bẹ́ẹ̀ ni kò fún ẹni tí ẹbí rẹ̀ kọ̀. Kóòtù ìbílẹ̀ ṣí ìlẹ̀kùn fún obìnrin, ṣùgbọ́n ó ní kí ó dá dúró, ó sì ṣírò owó láìṣírò iṣẹ́. Òfin 1970 dá agbẹnusọ padà, ṣùgbọ́n ó fi í sí Ring Road, ó sì so owó mọ́ ọn.

Iṣẹ́ tí ó kù wà lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kọ́ ọmọ ní Mọ́níyà, ní Ẹrúnmu àti ní Àkànràn. Ẹ̀yin ni ará abúlé yóò kọ́kọ́ mú ìwé tí kò yé e wá bá. Bí wọ́n bá dé, ẹ má ṣe dá ẹjọ́ fún wọn, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ bi wọ́n ní irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe. Ẹ ní kí wọ́n wá ìwé rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, kí ẹ júwe ọ̀nà tí ó tọ́ fún wọn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kò pọn dandan kí wọ́n dá nìkan rìn ín. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàbá àti ìyá àwọn ọmọ wọn ni wọn yóò jẹ́ títí, ó sì yẹ kí wọ́n lè jọ jókòó lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ náà.